Orúnkún Káfíńtà àti Irọ́ Tí Mo Pa

Ọjọ́ Ajé kan ló kọ́kọ́ wọlé tọ̀ mí wá, pẹ̀lú ọ̀pá méjì ní abẹ́ abíyá. Ó ń làágùn bí ẹni tó sáré, bẹ́ẹ̀ láti géètì ọsibítù dé ẹnu ọ̀nà mi kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ.

"Ẹ káàárọ̀ o, Dókítà," ó ní. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń na èèyàn lẹ́sẹ̀ títí tó fi máa ké."

"Èmi kì í ṣe dókítà. Físíò ni mí. Àwọn dókítà ló ń to eegun, èmi ni mo ń jẹ́ kó rántí iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ jókòó. Igbe yẹn náà ń bọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mo sì ti rí oríṣiríṣi ẹ̀rín: ẹ̀rín ìrora, ẹ̀rín ẹ-jọ̀ọ́-ẹ-má-fọwọ́-kàn-mí. Èyí yàtọ̀. Àyà mi já pà. Mo yáa bojú wo fáìlì bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Káfíńtà ni. Ó já bọ́ láti orí òrùlé tó ń kàn, orúnkún ọ̀tún ló fi balẹ̀, eegun pẹlẹbẹ tó bo iwájú orúnkún sì fọ́ sí mẹ́ta. Dókítà Àgbà fi wáyà so ó pọ̀, wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun dì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n tú u, orúnkún kọ̀, kò ká mọ́.

Mo gbé rúlà ẹlẹ́sẹ̀ méjì mi lé e. Ẹsẹ̀ rúlà kan á wà lórí itan, ìkejì á wà lórí ojúgun, ibi tí wọ́n ti pàdé á sì sọ iye digírì tí oríkèé fi ká. Ọgbọ̀n péré.

"Mélòó ló yẹ kó jẹ́?" ó bi mí.

"Tó bá dé àádọ́rùn-ún, ẹ lè jókòó sórí àga bí èèyàn. Ibẹ̀ la ti máa ń dá aláìsàn sílẹ̀ níbí, kó lọ máa ṣe ìyókù nílé."

"Tí ò bá débẹ̀ ńkọ́?"

"Á débẹ̀," mo ní. Mi ò fẹ́ sọ ìyókù fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń wá. Kò sí ìgbà tí kì í béèrè ìbéèrè. Àwọn aláìsàn mi tó kù, wọ́n kàn fẹ́ kí ìrora lọ ni, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe kan èèyàn.

"Ibikíbi tí eegun méjì bá ti pàdé, oríkèé nìyẹn," mo ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ kan, nígbà tí mò ń fi aṣọ gbígbóná ra ẹsẹ̀ ẹ̀. "Àwọn kan wà tí kì í mira rárá." Mo fi ìka kan àtàrí mi. "Eegun agbárí kì í ṣe ẹyọ kan. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n rán wọn pọ̀. Àwọn kan ń mira díẹ̀díẹ̀, bíi ti ọ̀pá ẹ̀yìn, kerekere wà láàárín wọn bí ìrọ̀rí. Àwọn tó kù ló ń rìn dáadáa. Ẹ wo èjìká àti ìbàdí, orí eegun kan tó rí roboto ló jókòó sínú ihò bí ife, ẹ lè yí i síbí, yí i sọ́hùn-ún. Ti ọrùn, eegun kan ló ń yí lórí ìkejì, òun la fi ń mi orí pé rárá. Ti ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún…"

"Íńjìsì ilẹ̀kùn," ó gbà á lẹ́nu mi. "Ká ṣí i, ká tì í. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣé tèmi ti dípẹtà ni?"

"Ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀. Kerekere ló bo orí àwọn eegun yẹn kí wọ́n má bàa ha ara wọn, omi kan tó ń yọ̀ bíi funfun ẹyin tútù sì wà láàárín wọn. Tí oríkèé ò bá rìn, omi yẹn ò ní kárí, àpò tó bò ó á sì fún pọ̀. Rírìn nìkan ni oògùn ẹ̀."

"Ẹ máa rìn ín nígbà náà, Adúmáadán."

Mo ní kó má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́. Ó ní ó ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó kí mi, "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá Adúmáadán." Kí lèèyàn fẹ́ ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Kí n má purọ́ fún yín, irọ́ tí mo pa nínú ọ̀rọ̀ yìí ti tó: mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ọjọ́ tí kì í bá ṣe ọjọ́ ẹ̀, inú mi kì í dùn sí iṣẹ́. Òun náà sọ ọ́ jáde ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Mò ń ká ẹsẹ̀ ẹ̀, òógùn bò ó lójú, ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ó ní, "Tí ẹsẹ̀ yìí bá dáa, màá wá bá àwọn èèyàn yín. Ẹ má sọ pé rárá báyìí, ìrora ń bẹ lára mi." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń pe ara wa ní "ìwọ" tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí.

Èmi pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin là ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, kò sí ohun tí ojú ẹ̀ kì í rí.

"Ta ni ọkùnrin tó ń jẹ́ kí o bu iyọ̀ sí tíì?" ó bi mí láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Kò sí ọkùnrin kankan."

"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ń bu iyọ̀ sí tíì, ó ní kò sí ọkùnrin. Ó dáa. Máa mu ún."

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọkùnrin méjì ló ti sọ fún mi rí pé àwọn ń bọ̀ wá rí àwọn èèyàn mi, ọ̀kankan nínú wọn ò sì padà wá. Mo wá ń rò ó lọ́kàn pé: tí wọ́n bá ti dá Káfíńtà sílẹ̀, kí ni á tún máa wá ṣe lọ́dọ̀ mi? Ẹsẹ̀ á dáa, á gun òrùlé lọ, á gbàgbé mi síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí orúnkún ẹ̀ dé àádọ́rin, àádọ́rin ni mo kọ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, rúlà fi méjìlélọ́gọ́rin hàn. Ó yẹ kí inú mi dùn. Dípò bẹ́ẹ̀, òrùlé tó máa gùn lọ ni mò ń rí. Mo wo ojú ẹ̀, mo wo rúlà, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, "Àádọ́rin. Kò yí padà." Mo kọ ọ́ sínú fáìlì.

Ó kàn mi orí ni.

Mo ní ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó di mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, mo kọ àádọ́rin. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó di mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Mo tún kọ àádọ́rin.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Dókítà Àgbà pe fáìlì. Nígbà tó padà dé ọwọ́ mi, ìlà méjì ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa: kò sí ìtẹ̀síwájú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta; kí wọ́n fún un lóògùn oorun lọ́jọ́bọ̀, ká fi ipá ká orúnkún náà.

Ara mi tutù nini. Ohun tí mi ò sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Tí oríkèé bá kọ̀ tí kò ká, wọ́n á kùn ún lóorun, dókítà á sì fi agbára ká a títí ohun tó dì í mú á fi já. Orúnkún tó le nìyẹn wà fún. Orúnkún tó ti ń ká tẹ́lẹ̀, tí wáyà ṣì wà nínú ẹ̀, eegun ẹ̀ lè tún fọ́.

Káfíńtà wá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, òun àti ìyá ẹ̀. Ìyá náà di báàgì ẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà á gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ọmọ mi," ó pè mí, "ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni? Bàbá ẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọ yàrá yẹn lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Wọ́n ní nǹkan kékeré ni, wọ́n ní kó sùn díẹ̀. Kò jí mọ́."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," ọmọ ẹ̀ ní. Ojú òun náà ti funfun.

"Ẹ má mikàn, mà," mo ní. Ohùn mi ò jọ tèmi létí ara mi. "Màá bá Dókítà Àgbà sọ̀rọ̀."

Lóòótọ́, mo lọ lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni mo bá lọ. Mo kọ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún sínú fáìlì, mo gbé e tọ̀ ọ́ lọ, mo ní, "Ó ti ká, sà."

Dókítà Àgbà wò mí láti òkè awò ojú ẹ̀. "Láti àádọ́rin, láàárín ọjọ́ mélòó kan? Pè é wá."

Mo fóònù Káfíńtà, ó wá, Dókítà sì fi ọwọ́ ara ẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù ti mú Káfíńtà. Ó gbọ́ tí dókítà pe yàrá iṣẹ́ abẹ, gbogbo iṣan itan ẹ̀ bá le gbagidi. Kò mọ̀ pé òun ló ń dì í mú. Tí ẹ̀rù bá ba èèyàn, iṣan á ki oríkèé mọ́lẹ̀, kò sì ní jẹ́ kó rìn. Dókítà ká a, ká a, ó gbé rúlà lé e. Àádọ́rin!

"Ìwọ náà wò ó," ó sọ fún mi.

"Ẹ̀rù ló ń bà á, sà."

Ó ní kí Káfíńtà máa lọ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbogbo ọsibítù yìí ló mọ̀ pé o fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Má jẹ́ kí àánú ba iṣẹ́ ẹ jẹ́. Ọjọ́bọ̀ kò yẹ̀."

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo jáde. Irú ojo wo rèé!

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo jókòó síwájú búrẹ́dì, mi ò lè gbé e mì. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí òdìkejì, ó ń wò mí. Mo bú sẹ́kún, mo sì tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Ó gba búrẹ́dì kúrò níwájú mi. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ọmọ ìyá mi, orúnkún ọlọ́rúnkún lo fẹ́ fi wá ọkọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò ní lù ẹ́, ọwọ́ mi ń ro mí. Aago mélòó ni wọ́n fẹ́ gbé e wọlé?"

"Aago mẹ́wàá."

"Wọ bàtà ẹ. Iṣẹ́ lè lọ, ọkọ lè lọ. Ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ kò gbọdọ̀ lọ."

Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ti wọ aṣọ àwọ̀ ewé fún un, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ nà gbọọrọ. Ìyá ẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Dókítà Àgbà ń fọwọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì méjì ló dúró.

"Ẹ má gbé e wọlé," mo ní. Mò ń mí hẹlẹ. "Orúnkún ẹ̀ ti ká láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Irọ́ ni mo kọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ irọ́."

Omi ẹ̀rọ nìkan ló ń dún.

"Kí ló dé?" Káfíńtà ló béèrè. Ohùn ẹ̀ kéré.

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n dá ọ sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé o ò ní padà wá mọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ìwà òmùgọ̀ ni mo sì fi ìfẹ́ náà hù. Má bínú."

Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó yí ara ẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sọ ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa bàtà ẹ̀ jáde, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹsẹ̀ bọ bàtà pẹ̀lú ìbínú. Ó so okùn ẹ̀. Ó fẹ́ máa lọ ilé.

"Yé!" ìyá ẹ̀ ké. "Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀! Ẹ wò ó!"

Ìgbà yẹn ni òun fúnra ẹ̀ wo ilẹ̀. Orúnkún náà ti ká, ó ká wọlé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa. Ìbínú ti lé ẹ̀rù lọ, iṣan sì ti tú.

Dókítà Àgbà nu ọwọ́, ó gba rúlà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan, ó wọ̀n ọ́n. "Mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún," ó ní. "Ẹ máa lọ ilé yín. Ìwọ, tẹ̀ lé mi."

Bí mo ṣe ń kọjá, ìyá náà di ọwọ́ mi mú. "Mo pè ọ́ ní ọmọ mi," ó ní. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Ká ní ó gbá mi létí ni, kì bá tí dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbé mi kúrò lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn, wọ́n ní kí n lọ máa to fáìlì fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ó tọ́ sí mi, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n oṣù kan kọjá, ó di méjì, mẹ́ta, Káfíńtà ò wá, kò ránṣẹ́. Tí mo bá gbọ́ ìró ọ̀pá lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, àyà mi á lù kìkì. Màá yọjú, ẹlòmíì ni.

Lóṣù kẹrin, ọ̀sán Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi lọ ṣílẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó ní, "Kí lẹ wá ṣe? Ẹ ti mú un sunkún tó." Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ohùn Káfíńtà.

Kò sí ọ̀pá lọ́wọ́ ẹ̀. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń fi fìlà nu ọwọ́ bí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ dọ̀tí.

"Adúmáadán," ó ní, "iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe?"

"Káfíńtà ni ọ́."

"Tí igun férémù bá fi digírì méjì yẹ̀, ojú mi á mú un kí n tó gbé rúlà. Ọ̀sẹ̀ kejì tí o pè é ní àádọ́rin, mo wo ẹsẹ̀ mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti kọjá igun tábìlì. Mo mọ̀."

Mo di ilẹ̀kùn mú.

"Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Inú mi ń dùn. Mo ní, obìnrin yìí fẹ́ kí n tún padà wá, èmi náà sì fẹ́ padà wá. Ìgbà tí wọ́n wá dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, mo ní o ò lè dákẹ́ síbẹ̀ tó bá jẹ́ irọ́, á jẹ́ pé ojú mi ló tàn mí. Dókítà wọ̀n ọ́n, òun náà ní àádọ́rin. Ẹ̀rù bà mí, mi ò gba ojú ara mi gbọ́ mọ́. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn tí o sọ òótọ́, ara mi ni mò ń bínú sí. Ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ ọ́ níwájú Màámi."

Ẹ rò pé mo dì mọ́ ọn ni? Rárá o. Inú bí mi débi pé etí mi ń hó.

"Oṣù mẹ́rin!" mo kígbe. "Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń dá ru irọ́ àwa méjèèjì! Inú fáìlì ni mò ń gbé! Ìwọ jókòó sílé ìyá ẹ!"

"Sọ fún un," ẹ̀gbọ́n mi ní láti kọ́rọ̀ ilẹ̀kùn.

"Òótọ́ lo sọ," ó dáhùn. Omi wà lójú ẹ̀. "Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Màámi ò tíì mọ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ láìsí ìwọ níbẹ̀. Jọ̀ọ́, ẹni tèmi, tẹ̀ lé mi."

Bá a ṣe ń lọ, ẹ̀rù ń bà mí bí ìgbà tí mo kọ irọ́ àkọ́kọ́. Bí ìyá ẹ̀ bá lé mi jáde ńkọ́? Bó bá ní òun ò fẹ́ rí mi láyé òun? Ìyá ẹ̀ jókòó ní pálọ̀, ó ń ká aṣọ gbígbẹ lórí itan ẹ̀. Ó rí mi, ojú ẹ̀ le. Kò ní kí n jókòó.

Ọmọ ẹ̀ dúró láàárín ilé, ó sì sọ gbogbo ẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Èmi náà sọ tèmi. Mo tọrọ àforíjì. Aṣọ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà.

"Ẹ ti sọ tán?" ó ní.

"A ti sọ tán, mà."

Ó kọjú sí ọmọ ẹ̀. "Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí bàbá ẹ ti lọ. Ọmọbìnrin yìí purọ́, ṣùgbọ́n ó sáré wá, ó sọ òótọ́ lójú dókítà, lójú mi, ó sì fi iṣẹ́ ẹ̀ wewu. Ìwọ tí mo bí, o mọ̀ ọ́n, o wo ojú mi, o panu mọ́. O tún jẹ́ kí òun nìkan máa jìyà ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ta ni kí n bínú sí nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Màámi, ẹ má bínú." Ó fẹ́ jókòó.

"Ta ló ní kí o jókòó? Ṣebí ẹsẹ̀ ẹ ti dáa. Bọ́ sí ìta, lọ dúró síbẹ̀ títí màá fi bá ìyàwó ẹ sọ̀rọ̀ tán."

Ó jáde. Ìyá náà kó aṣọ kúrò lórí àga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó fọwọ́ lù ú pé kí n wá jókòó. Mi ò tíì débẹ̀ tí mo fi bú sẹ́kún.